Caballería Kan Jẹ́ Hẹ́kítà Mélòó? Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Ka Ìwé Ilẹ̀ Kúbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí. Àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí. Mo rí ìwé kan nípa oko ìrèké kan ní Matanzas, ní nǹkan bí ọdún 1840. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ oko náà jẹ́ caballería 40, pé inú hato àtijọ́ kan ni wọ́n ti gé e, àti pé realengo ló bá a pààlà lápá kan. Mo wá ohun tí caballería jẹ́ títí, orí mi dàrú: ibì kan ní hẹ́kítà 13, ibì kan ní 43, ibòmíràn ní 78. Èwo ni kí n gbà? Kí ni hato, kí ni realengo? Ṣé encomienda tí wọ́n máa ń sọ náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, 13 ni kí o gbà. Ní Kúbà, caballería kan jẹ́ hẹ́kítà 13.42, nítorí náà oko tí ò ń kà nípa rẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 537. Àwọn tó kọ 43 kò purọ́, àwọn tó kọ 78 náà kò purọ́. Mẹ́síkò ni àwọn ti àkọ́kọ́ ń sọ, Puerto Rico ni àwọn kejì ń sọ. Bí o bá fi ti Mẹ́síkò wọn oko Matanzas rẹ, á di hẹ́kítà 1,712. Bí o bá fi ti Puerto Rico wọ̀n ọ́n, á lé ní 3,100. Oko kan náà, ìwé kan náà, ṣùgbọ́n o ti sọ olóko kan di ọba onílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá tún máa wá ìdí tí àwọn ẹrú inú ìwé náà fi kéré tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìdí tí kò sí rárá.

Jẹ́ ká ṣí i wò, kí o lè máa fọwọ́ ara rẹ ṣírò rẹ̀. Vara ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìwọ̀n ilẹ̀ Sípéènì, ọ̀pá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Vara ti Kúbà jẹ́ mítà 0.848. Vara 24 ni cordel kan, ìyẹn okùn tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń nà sílẹ̀; ó lé ní mítà 20 díẹ̀. Ilẹ̀ tó bá jẹ́ okùn 18 ní ìbú, okùn 18 ní òró, òun ni caballería. Vara 432 lọ́nà kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tó já sí mítà 366. Fi 366 sọ 366 di púpọ̀, wàá bá hẹ́kítà 13 àti díẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ ìṣirò yìí nítorí pé àwọn awọnlẹ̀ Kúbà sábà máa ń kọ iye caballería tán, kí wọ́n tó wá kọ cordel tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Cordel onígun mẹ́rin 324 ló wà nínú caballería kan. Bí o bá rí caballería 40 àti cordel 162, ààbọ̀ caballería ló lé yẹn.

Ní Mẹ́síkò, caballería kò ní ìbú àti òró ọgbọọgba. Vara 1,104 ni gígùn rẹ̀, 552 ni ìbú rẹ̀, vara wọn sì fi díẹ̀ kéré sí ti Kúbà. Hẹ́kítà 42.8 ló jẹ́. Puerto Rico ní tirẹ̀ ń ka ilẹ̀ ní cuerda, tó jẹ́ vara 75 lọ́nà méjèèjì, 200 cuerda ló sì wà nínú caballería kan. Abẹ́ Amẹ́ríkà ni Puerto Rico wà láti ọdún 1898, síbẹ̀ bí o bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀ lónìí, cuerda ni wọ́n á dá lé ọ lórí.

Kí ló wá fà á tí orúkọ kan fi ní ìwọ̀n mẹ́ta? Ìdí ni pé caballería kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n. Ìpín ni. Bí àwọn ará Sípéènì bá ti gba ilẹ̀ kan, ọba a máa pín in fún àwọn tó bá a jagun: ìpín ẹlẹ́ṣin ni caballería, ìpín ẹni tó fẹsẹ̀ rin ogun ni peonía. Òfin tí Felipe Kejì, ọba Sípéènì, gbé jáde ní 1573 nípa títẹ ìlú tuntun dó to ohun tó wà nínú ìpín méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá gba peonía á gba ilẹ̀ ilé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òǹkà náà bá púlọ́ọ̀tì tiwa mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà Sípéènì kò tó sẹ̀ǹtímítà 28, tiwa tí a gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì lé ní 30.) Lẹ́yìn ilẹ̀ ilé, á gba ilẹ̀ oko tó gba irúgbìn fanega 100 fún àlìkámà tàbí ọkà bálì, fanega 10 fún àgbàdo, ilẹ̀ ọgbà díẹ̀, ilẹ̀ igi eléso díẹ̀, àti pápá tó tó abo ẹlẹ́dẹ̀ 10, màlúù 20, abo ẹṣin 5, àgùntàn 100 àti ewúrẹ́ 20. Ti ẹlẹ́ṣin jẹ́ ìlọ́po márùn-ún gbogbo èyí, àfi ilẹ̀ ilé tó jẹ́ 100 sí 200, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin péré.

Ìwọ wo bí wọ́n ṣe kà á. Òṣùwọ̀n hóró ọkà ni fanega, ó tó nǹkan bí lítà 55. Ilẹ̀ fanega kan ni ilẹ̀ tí hóró fanega kan á gbìn tán. Bí àgbẹ̀ bá fún irúgbìn pọ̀ lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, tó sì fọ́n ọn ká lórí ilẹ̀ gbígbẹ, fanega méjèèjì kò ní dọ́gba láé. Ní Castile, ní àárín Sípéènì, wọ́n padà dè é mọ́ vara 96 lọ́nà méjèèjì, tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 6,440, ṣùgbọ́n ìgbèríko púpọ̀ ń bá tiwọn lọ. Ti pápá tún burú jù. Ilẹ̀ ìjẹko màlúù 100, ta ló mọ̀ bó ṣe tóbi tó? Òfin fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́, kò fún un ní ààlà. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ wá ń pọ̀, ìjọba ibì kọ̀ọ̀kan jókòó, ó fi vara de ìpín náà bó ṣe bá ilẹ̀ tirẹ̀ mu. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń lò lẹ́yìn ìyẹn.

Vara fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn. Felipe Kejì pàṣẹ ní 1568 pé vara ìlú Burgos, tó jẹ́ nǹkan bí mítà 0.836, ni kí gbogbo ènìyàn máa lò. Ní 1801, Carlos Kẹrin tún pa àṣẹ kan náà. Òfin tí wọ́n ní láti tún pa lẹ́yìn ọdún 233, ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e.

Ó yá, ká bọ́ sórí hato, torí ibẹ̀ gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ wà. Láyé àkọ́kọ́ ní Kúbà, ẹran ọ̀sìn ni owó, ìrèké kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú, tí wọ́n ń pè ní cabildo, ló ń pín ilẹ̀: hato fún màlúù, corral fún ẹlẹ́dẹ̀. Igbó ló bo erékùṣù náà nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ na okùn gba inú igbó yí ilẹ̀ tó tó ìlú kan po? Wọn kò ṣe é. Igi kan ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní àárín, wọ́n á ní láti ìdí igi yìí, legua méjì lọ sí ibi gbogbo, ti lágbájá ni. Bí ó bá jẹ́ corral, legua kan. Vara 5,000 ni legua kan. Òbìrìkìtì ni ilẹ̀ wọn nígbà náà! Tí o bá ṣí àwòrán ilẹ̀ Kúbà àtijọ́, wàá rí i bí àwọn òbìrìkìtì yìí ṣe kún inú rẹ̀, ńlá àti kékeré, tí wọ́n ń gun ara wọn lórí. Corral kan tó nǹkan bí caballería 421. Hato kan tó nǹkan bí 1,684, ìyẹn ju hẹ́kítà 22,000 lọ. Oko rẹ tó jẹ́ caballería 40 kò tó ìdá kan nínú ogójì hato.

Wàhálà rẹ̀ méjì ni. Èkínní, igi àárín lè jẹrà, tàbí kí ẹnì kan ṣí i nídìí lóru. Bí igi bá ti ṣí, gbogbo ààlà ṣí nìyẹn, lápá ọ̀tún, lápá òsì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹjọ́ àwọn òbìrìkìtì tó gorí ara wọn pọ̀ ní kóòtù Kúbà títí wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èkejì ló kàn ọ́. Ya òbìrìkìtì mẹ́ta sórí ìwé kí wọ́n fara kan ara wọn. Wo àárín wọn: igun kan á ṣẹ́kù tí kò sí nínú ìkankan. Igun yẹn ni realengo. Torí pé ẹnikẹ́ni kò gbà á, ti ọba ni. Ìdí nìyẹn tí realengo fi máa ń ní àwòrán wíwọ́wìwọ́, tó máa ń wà láàárín ilẹ̀ àwọn olówó, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn tí kò nílẹ̀ máa ń sá wọ̀ láti dáko. Bí realengo bá bá oko rẹ pààlà, a jẹ́ pé etí òbìrìkìtì àtijọ́ ni oko náà wà. O lè fi ìyẹn wá ibi tó bọ́ sí lórí àwòrán ilẹ̀ òde òní.

Ọ̀rọ̀ realengo kò tán lọ́jọ́ tí Sípéènì kúrò ní Kúbà. Ní 1934, ní àwọn òkè tó wà lágbègbè Guantánamo, àwọn àgbẹ̀ Realengo 18, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, dá àwọn awọnlẹ̀ tó fẹ́ la ààlà gba inú oko wọn dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ológun ló ń ṣọ́ àwọn awọnlẹ̀ náà. Lino Álvarez, tó ti ja ogun òmìnira Kúbà rí, ló ṣáájú wọn. "Tierra o sangre" ni igbe wọn: ilẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀.

Báwo ni hato ṣe wá di oko ìrèké? Ọ̀nà méjì ló wà, kí o sì wo èyí tó bá ìwé rẹ mu. Níbi púpọ̀, ẹni tó gba hato kú, àwọn ọmọ kò pín ilẹ̀, wọ́n pín iye rẹ̀. Ká ní wọ́n dá hato náà lé ní pésò 1,000, ọmọ kan lè jogún pésò 200 nínú rẹ̀. Kì í ṣe owó lọ́wọ́, kì í ṣe igun kan pàtó nínú ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti da ẹran káàkiri ibẹ̀ ni, wọ́n sì ń pè é ní peso de posesión. Wàá ní ilẹ̀ ẹbí nìyẹn, ó sì fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n àlejò lè ra ìpín náà láìbi ẹbí. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn tó ní ìpín di rẹpẹtẹ, àwọn mìíràn ń gbé ìwé ayédèrú kiri. Nígbà tí àṣẹ ìjọba kan, nọ́ńbà 62 ti 1902, lábẹ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, ṣílẹ̀kùn fún pípín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó bá ti ra ìpín kékeré kan lọ́wọ́ ẹnì kan lè gbé gbogbo wọn lọ kóòtù. Apá ìlà-oòrùn Kúbà ni ìyẹn wọ́pọ̀ sí jù.

Lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Matanzas wà, ó ti yára ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, dìde ní 1791 tí ṣúgà ibẹ̀ wó lulẹ̀, iye ṣúgà lọ sókè lágbàáyé, àwọn olówó Havana sì rọ́ sí ilẹ̀. Wọ́n ń tú hato ká, wọ́n ń gé e tà ní caballería kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó rà kò san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbà á ní censo: owó ilẹ̀ á wà nílẹ̀ bí gbèsè, olùrà á máa san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, fún ẹni tó ta á, fún àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí fún ṣọ́ọ̀ṣì. Wo ìwé rẹ dáadáa bóyá o lè rí censo níbẹ̀. Bí ó bá wà, olóko rẹ kò tíì sanwó ilẹ̀ tán. Rántí pẹ̀lú pé láti 1729 ni ọba ti gba agbára pípín ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn cabildo, àti pé ọdún 1819 ni àṣẹ ọba tó sọ àwọn tó gba ilẹ̀ àtijọ́ di onílẹ̀ pátápátá jáde. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn ń lo ilẹ̀ ni; ọba ló ṣì ni ín lórí ìwé.

Encomienda kọ́ nìyí o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà ọ́ láàmú. Encomienda kò fún ènìyàn ní ilẹ̀ rárá. Ó fún un ní àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tí Columbus bá níbẹ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún un tàbí kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀, kí òun náà sì kọ́ wọn ní ẹ̀sìn Kristi. Ní Kúbà, ó ti parí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn náà ti kú tán. Kò lè sí nínú ìwé ọdún 1840.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀ léni lọ́wọ́, torí wàá bá a pàdé nínú àwọn ìwé mìíràn tí ọwọ́ rẹ á bà. Aṣojú ìjọba, awọnlẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí àti àwọn tí wọ́n jọ pààlà á kóra jọ sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n á na okùn. Lápá California àti Texas, tí wọ́n wà lábẹ́ Sípéènì àti Mẹ́síkò rí, okùn vara 50 ni wọ́n sábà ń lò, ní California sì rèé, ọkùnrin méjì lórí ẹṣin ló ń nà án: ọ̀kan á dúró ti èèkàn, èkejì á sáré lọ títí okùn á fi le, á kan èèkàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn á wá sáré kọjá rẹ̀. Awọ ni okùn náà. Bí ìrì òwúrọ̀ bá pa á, á gùn sí i. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, á sún kì. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n láàárọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n wọ̀n lọ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó ń jà sí i nígbà tí ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á fa onílẹ̀ tuntun lọ́wọ́ wọlé. Òun á fa koríko tu, á ju òkúta sọ́tùn-ún sósì, á bu erùpẹ̀, gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fa koríko tu, ó ju òkúta, ẹnikẹ́ni kò sì takò ó. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni kóòtù máa ń wá.

Níbi tí Amẹ́ríkà ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ ńlá. Texas ló rọrùn jù: ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún vara débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin dè é ní 1919 sí ínǹṣì 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Òfin 1825 ti Coahuila àti Texas, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò nígbà náà, ti ṣèlérí ilẹ̀ ọ̀gbìn tó jẹ́ éékà 177 fún àgbẹ̀. Fún ẹni tó bá tún ń sin ẹran, á tó éékà 4,428. New Mexico ni ọkàn mi ń bà jẹ́ sí. Àwọn abúlé ibẹ̀ gba ilẹ̀ lápapọ̀: onílé kọ̀ọ̀kan ní oko kékeré lẹ́bàá odò, gbogbo ìyókù jẹ́ pápá àti igbó àjọlò. Ní 1897, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a pé ti ọba Sípéènì ni ilẹ̀ àjọlò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ó ti di ti ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn ará San Miguel del Bado tó ní éékà bí 315,000 ni tiwọn, díẹ̀ lé ní 5,000 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Lójú tèmi, àwọn adájọ́ náà mọ vara, wọn kò mọ ohun tí àjọlò jẹ́.

Ní Kúbà, caballería kò kú. Òfin àtúnṣe ilẹ̀ ti May 17, 1959 fi caballería 30 ṣe òpin ohun tí ẹnì kan lè ní, ìyẹn hẹ́kítà 402, ó sì dá caballería méjì lé gẹ́gẹ́ bí ohun tó tó ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún jẹ. Ní 1963, wọ́n já òpin náà sí márùn-ún. Nítorí náà, bí o bá bá àgbẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ ní Matanzas, o lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku bí wàá ṣe ka ìwé tìrẹ. Má rò pé ìrèké ló wà lórí caballería 40 yẹn. Apá kan á jẹ́ monte, igbó tí wọ́n ń gé igi ìdáná látinú rẹ̀, nítorí ìkòkò ṣúgà kì í yé jó nígbà ìkórè. Apá kan á jẹ́ pápá fún àwọn akọ màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Apá kan ni batey, níbi tí ilé ìfúnrèké, ilé ọ̀gá àti ilé ẹrú wà. Bí àkọsílẹ̀ bá pín ilẹ̀ sí ọ̀nà wọ̀nyí, iye ti ìrèké nìkan ni kí o fi wé iye àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wá conuco. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń gbin oúnjẹ tara wọn, tí wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹlòmíràn a máa ta ẹlẹ́dẹ̀ náà, a máa fi owó rẹ̀ san díẹ̀díẹ̀ láti ra ara rẹ̀ padà. Kò sí ìwé kankan tó fún wọn ní conuco, ọ̀gá lè gbà á nígbà tó bá wù ú, ìdí nìyẹn tí kò fi sábà sí nínú ìṣirò ilẹ̀. Wá a nínú àkójọ ẹran àti irúgbìn, tàbí lórí àwòrán oko.

Bí àwòrán bá wà lára ìwé náà, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún òṣùwọ̀n. Bí cordel ni wọ́n kọ, fi 20.35 sọ ọ́ di mítà; bí vara ni, fi 0.848. Bí o bá sì rí orúkọ hato àtijọ́ náà, fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ hato ló rọrùn jù láti fi wá ìwé tó ṣáájú tìrẹ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Havana, níbi tí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àwọn òbìrìkìtì wà, àti àwòrán tí àwọn awọnlẹ̀ yà nígbà tí wọ́n ń tú wọn ká.